Bàbá Reuben Dọ̀bálẹ̀ ní Prague

Ohun tí àwọn ará Balch Springs, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, tó gbọ́ Yorùbá kọ́kọ́ máa ń sọ bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Reuben Adéyẹmọ ni pé ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ti kú láti nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún, ó sì kọ̀ láti dìde. Òótọ́ ni. Adébísí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà níbẹ̀. Òun ló gbé báàgì méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì ń ro ó.

Ìlú Prague ni, ní ilẹ̀ Czech, nínú ilé-ìsìn àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àlùfáà kan tí ń jẹ́ Jan Hus ló wàásù níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ó ní kí ìjọ tún ìwà rẹ̀ ṣe, ó sì ń sọ ọ́ ní èdè tí àwọn ará ìlú gbọ́. Àwọn àgbà ìjọ ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó kọ̀. Wọ́n dáná sun ún.

Bàbá Reuben wọlé, ó ṣí fìlà, ó wo àga ìwàásù, ó wo ògiri níbi tí wọ́n ya ọkùnrin náà sí, tí iná yí i ká. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ lé Adébísí lọ́wọ́. Kí ọmọ tó lè béèrè pé kí ló fẹ́ ṣe, bàbá ti nà gbalaja sórí ilẹ̀ tútù, tòun ti kóòtù òtútù ńlá tí Tìmílẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, rà fún un. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni nígbà náà.

Ìyá àgbà òyìnbó tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà rí i. Ohun tí òun rí ni pé arúgbó kan ti ṣubú, kò sì mira mọ́. Ó pe áńbúláǹsì. Ọkùnrin méjì sáré wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ tì í, wọ́n di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá Reuben kò gbé ojú nílẹ̀. Ó fi òyìnbó sọ fún wọn pé ara òun le, ènìyàn lòun ń kí. Èyí tó kéré nínú wọn béèrè pé ta ni. Bàbá na ìka kan sí ògiri. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ògiri, ó wo ilẹ̀, ó wá rọra sọ fún un, bí a ti ń bá ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra sọ̀rọ̀, pé ọkùnrin yẹn ti kú láti ẹgbẹ̀ta ọdún.

"Mo mọ̀," ni Bàbá Reuben wí. "Ìdí nìyẹn tí n ò fi kán wọn lójú."

Nílé Adéyẹmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kì í fúnra rẹ̀ dìde. Àgbà ni yóò dá a lóhùn, tí yóò wúre fún un, tí yóò sì ní kó dìde. Ẹni tó bá ti dìde kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ó ti sọ ìkíni di eré ìdárayá. Bàbá Reuben ti dọ̀bálẹ̀ tán kó tó rántí pé ẹni tí òun ń kí kò ní ohùn mọ́. Àtidìde wá di ìṣòro, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ọmọlúàbí ń gbà dìde.

Adébísí ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ fún ogún ọdún. Ó mọ aláìsàn tí ènìyàn lè bá jiyàn, ó sì mọ èyí tí kò ṣeé bá jiyàn. Ó gbé báàgì méjèèjì sílẹ̀, ó lóṣòó, ó fẹnu sún mọ́ etí bàbá rẹ̀.

"Dádì, wọ́n ní kí ẹ dìde."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá tó wà lára ògiri ni. Wọ́n ní ẹ kú ìrìn. Wọ́n ní ó ti rẹ ọmọ yín."

Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ níbẹ̀. "Wọ́n mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́?"

"Wọ́n mọ̀, sà."

Ó dìde. Àwọn méjèèjì tó wá pẹ̀lú áńbúláǹsì gbọn eruku kúrò lára kóòtù rẹ̀, ó sì gbàdúrà fún wọn, ó ní àwọn náà kò ní rí ẹni tí yóò kọ̀ láti dá wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n dé inú ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí yóò gbé wọn padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, ó wo ojú fèrèsé títí, ó ní, "Bísí, bàbá tó wà lára ògiri yẹn ò sọ nǹkan kan."

"Ẹ ṣáà ti dìde, Dádì."

Ọ̀rọ̀ tó gbé e dé Prague kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́. Kó tó wá sí Tẹ́sáàsì, tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó dé Dallas, iṣẹ́ tó rí ni ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé tí wọ́n ń kó wọn sí. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń gbé wọn dìde, ó ń sọ ìtàn fún wọn, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò bínú sí iṣẹ́ náà rárá. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe òun ní kàyéfì, pé púpọ̀ nínú àwọn arúgbó tí òun ń tọ́jú, òun lòun dàgbà jù wọ́n lọ.

Tìmílẹ́yìn ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Frisco, níbi tí ilé rẹ̀ ti tóbi tó ilé ìwé. Bàbá lọ, ó lo ọ̀sẹ̀ kan, ó padà sí Balch Springs. Ó ní ilé tí bàbá gbọ́dọ̀ tẹ ọmọ rẹ̀ láago kó tó mọ̀ bóyá ọmọ wà nílé, ilé kọ́ nìyẹn, pápá ọkọ̀ òfuurufú ni.

Ó kúkú ní ohun tó so ó mọ́ Balch Springs. Ìsìn Yorùbá ni. Ìjọ onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ ní ìsìn méjì lọ́jọ́ Ìsinmi, ti Yorùbá ní kùtùkùtù, ti òyìnbó lẹ́yìn rẹ̀. Ìsìn òyìnbó máa ń kún débi pé àwọn kan ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ń wá sí ti Yorùbá kò kún ìjókòó mẹ́ta, wọ́n sì ń dín kù sí i, nítorí ọjọ́ orí wọn. Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ, ọmọlúàbí ènìyàn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, fẹ́ fòpin sí i. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ nílò gbọ̀ngàn náà ní wákàtí yẹn fún ìdánrawò orin, ó ní kò sí ọmọdé kan tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ó sì ní àwọn àgbà tó ń wá síbẹ̀ gbọ́ òyìnbó dáadáa.

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti jáde, Jan Hus ni Bàbá Reuben máa ń fi dáhùn. "Bàbá Húùsì" ló ń pè é, bí ẹni pé wọ́n jọ gbé àdúgbò kan náà. Ó ti fi ìtàn rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé rí, kò sì gbàgbé ẹyọ kan níbẹ̀. Ó ní wọ́n dìídì kọ́ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ti Prague kí àwọn aláta àti àwọn alágbẹ̀dẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè tí wọ́n fi ń bá ọmọ wọn wí, nígbà tó jẹ́ pé èdè Látìn ni gbogbo ìsìn. Ó ní àwọn èèyàn ń wọ́ lọ síbẹ̀ bí omi. Ó ní torí èyí ni wọ́n ṣe sun ún.

Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ, tó ti lọ ka nípa rẹ̀ kó lè bá bàbá jiyàn, sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kì í ṣe torí èdè nìkan. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ títa ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ fún owó náà wà níbẹ̀.

"Pásítọ̀," ni bàbá wí, "ẹni tí wọ́n bá fẹ́ sun, igi kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n máa ń ṣẹ́."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ń lọ tó ń bọ̀, tó sì jẹ́ pé Adébísí ni gbogbo rẹ̀ ń já lé. Wylie, ìlú kan ní àríwá Dallas, ló ń gbé. Bó bá ti jáde níbi iṣẹ́ alẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, dípò kó forí lé ilé, yóò kọjú sí gúúsù, yóò wakọ̀ gba òpópónà márosẹ̀ lọ gbé bàbá rẹ̀ ní Balch Springs, nítorí ojú bàbá kò gbà á láyè láti wakọ̀ mọ́. Yóò gbé e lọ sí ìsìn Yorùbá, yóò gbé e padà, yóò se oúnjẹ fún un, kó tó wá wakọ̀ padà sí àríwá. Kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ó wà lẹ́yìn Pásítọ̀. Ó ti gbàdúrà sí Ọlọ́run kan náà tí bàbá rẹ̀ ń gbàdúrà sí pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìsìn náà.

Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ nígbà tí bàbá sọ pé òun fẹ́ lọ dúró níbi tí Bàbá Húùsì dúró sí. Ó ní ẹni tó bá ti débẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn mọ́. Tìmílẹ́yìn kò ní àyè, àmọ́ ó ní káàdì báńkì. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Adébísí ti fi ìsinmi ọdún rẹ̀ pamọ́ fún ètò kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: ó fẹ́ fa kọ́tìnì yàrá, kó dùbúlẹ̀, kó má ṣe nǹkan kan rárá. Ìsinmi náà ló bá a dé Prague.

Ìròyìn tàn nínú ìjọ pé Bàbá Reuben ń lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ti Jùdíà ni gbogbo wọn rò. Kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé, àwọn ìyá ìjọ ti kó òróró ólífì wá sílé rẹ̀ nínú ìgò ńlá àti kékeré, pé kó gbé e kanlẹ̀ níbi tí wọ́n ti bí Olúwa. Bàbá ṣàlàyé títí, kò yé ẹnikẹ́ni. Níkẹyìn ó gba ìgò Màmá Tèmídayọ̀ nìkan, nítorí ìyá náà ti dàgbà ju ẹni tí à ń já kulẹ̀ lọ. Ó gbé e kanlẹ̀ ní Prague, ó gbé e padà, ó sì sọ òótọ́ fún un pé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù mìíràn ni. Màmá Tèmídayọ̀ ní kò burú. Ó ní orúnkún òun kò lè mọ ìyàtọ̀.

Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni bàbá ṣe nínú ilé-ìsìn náà. Kànga àtijọ́ kan wà nínú rẹ̀. Kété tí àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì lọ tán, ó lọ bá ìyá tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní kó jọ̀ọ́ bá òun fa omi díẹ̀. Ìyá náà ní kò sẹ́ni tó ń fa omi níbẹ̀ mọ́. Bàbá béèrè pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ìgbà pípẹ́.

"Kànga tí wọn kì í fa omi rẹ̀ kì í ṣe kànga mọ́," ni bàbá fi Yorùbá sọ, ó ní kí Adébísí bá òun túmọ̀ rẹ̀. "Sọ fún un pé ihò ni wọ́n ń ṣọ́."

Adébísí túmọ̀ rẹ̀ pé bàbá ní ẹ ṣeun, ilé yín dára púpọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro kan náà, ó fara balẹ̀ ka ìwé pélébé tí wọ́n fún wọn. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, nítorí ó rí i pé bí òun kò bá sọ ọ́, yóò di ẹrù lọ́kàn òun.

"Dádì, wọ́n ní wọ́n wó ilé yẹn nígbà kan rí o. Díẹ̀ nínú ògiri àtijọ́ ló kù. Láàárín 1950 sí 1952 ni wọ́n tún un kọ́."

Bàbá fi ìka ṣírò nǹkan lórí itan. "Ìgbà yẹn, wọ́n ti ń rán mi níṣẹ́."

"Ó jọ pé àbúrò yín lẹ dọ̀bálẹ̀ fún, sà."

Ọkọ̀ dúró, ó tún gbéra, ó tún dúró. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, bàbá ti rí ìdáhùn, ojú rẹ̀ sì ti mọ́. "Orí ilẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ sí," ó ní. "Ilẹ̀ ni wọn ò tún kọ́."

Nígbà tí wọ́n dé Dallas, ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí gbèrú lẹ́nu bàbá. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkùnrin méjì ló wá pẹ̀lú áńbúláǹsì. Nígbà tí Àjíǹde fi dé, ọkọ̀ panápaná ti bá wọn wá. Nígbà ìkórè, ọlọ́pàá ti dí òpópónà, olórí ìlú sì ti gbéra nílé rẹ̀, kò ṣáà tíì débẹ̀ nígbà tí ohùn kan sọ̀rọ̀. Bó bá ti dé ibi tí ẹni tó ń gbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣiyèméjì, yóò nàka sí ọmọ rẹ̀, yóò ní, "Bísí wà níbẹ̀. Ẹ bi í." Wọn yóò bi Adébísí. Adébísí yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣẹlẹ̀. Ó ti rí i pé àtijiyàn ń gba agbára ju àtigbà lọ.

Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ kò rẹ́rìn-ín sí gbogbo rẹ̀. Ó pe bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìtẹríba béèrè pé ṣé kíkúnlẹ̀ fún àwòrán kì í ṣe ìbọ̀rìṣà fún onítẹ̀bọmi.

"Mi ò kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ ni," ni bàbá wí. "Ẹ̀yin náà dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó yín lórí fóònù lọ́jọ́ ìkómọ. Mo wà níbẹ̀. Ẹ gbé fóònù lé ara ìgò omi kó lè rí yín dáadáa."

Ìpàdé ìjọ tí wọ́n fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ ìsìn Yorùbá wáyé nígbà ìwọ́wé ọdún náà. Bàbá Reuben mú ẹlẹ́rìí wá. Alájì Wàhídì ni, aládùúgbò rẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù táyà, tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun gbogbo láti bí ogún ọdún láìsí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì. Àwọn ará ìjọ rí mùsùlùmí tó wọ jalàbíà funfun, tó jókòó sí iwájú, wọ́n yíjú síra wọn. Pásítọ̀ kí i káàbọ̀, ó béèrè pé ṣé kò sí nǹkan.

"Kò sí o, Pásítọ̀. Reuben ní kí n wá jẹ́rìí."

Alájì dìde, ó ṣàlàyé pé ní mọ́sálásí tàwọn, èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kírun, bó ti rí níbi gbogbo láyé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ yí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kírun tán, lẹ́mọ́mù yóò jókòó, yóò fi Yorùbá ṣe wáàsí, ìgbà yẹn gan-an sì ni Sururat ìyàwó òun máa ń gbé ojú kúrò lára fóònù. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa òyìnbó tí Reuben lọ dọ̀bálẹ̀ fún. Ó wá yíjú sí àwọn àgbà.

"Ohun tó kàn mí nìyí. Bí ẹ bá gba ìsìn yìí lọ́wọ́ Reuben, ta ló fẹ́ máa rí fi Yorùbá bá jà? Èmi nìkan. Mo sì ti dàgbà, ẹ ṣàánú mi."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, Pásítọ̀ náà sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan ìsìn Yorùbá níwọ̀n ìgbà tí Bàbá Reuben bá ṣì wà láàyè.

"Ẹ ṣeun, Pásítọ̀," ni bàbá wí. "Màá gbìyànjú."

Ó gbìyànjú lóòótọ́. Ó gbìyànjú fún ọdún kan àti ààbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ti ń kọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú àwọn ìtàn rẹ̀, ilé ìwòsàn ló ti ṣẹlẹ̀. Àlùfáà ilé ìwòsàn náà wá gbàdúrà fún un, ọkùnrin kan tí òbí rẹ̀ wá láti Mẹ́síkò. Bàbá bi í pé èdè wo ni ìyá rẹ̀ ń sọ. Ó ní Sípáníìṣì. Bàbá ní kó fi gbàdúrà. Ọkùnrin náà ní bàbá kò ní gbọ́ ohun tí òun bá sọ. Bàbá ní, "Èmi kọ́ lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀." Àlùfáà di ojú, ó gbàdúrà, ó pẹ́ lórí rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ kó tó ṣe é tán. Bàbá ṣe àmín tó dún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí àlùfáà lọ, Adébísí bi bàbá rẹ̀ pé kí ló gbọ́.

"Mi ò gbọ́ ọ̀kan," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n òun gbọ́ ara rẹ̀ lónìí."

Ó kú lóṣù kẹta. Alájì Wàhídì dúró lẹ́yìn ibojì, ó ní òun kò mọ ẹni tí òun yóò sọ fún báyìí pé ó parọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ pe Adébísí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun kò ní fi ipá ṣe é. Ó ní àdéhùn tí àwọn ṣe ti parí, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń béèrè gbọ̀ngàn, àmọ́ òun kò fẹ́ kí àwọn èèyàn wí pé kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí bàbá kú tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní ẹnu Adébísí lòun yóò gbọ́. Bó bá ní kí ìsìn náà dáwọ́ dúró, kó dáwọ́ dúró. Adébísí ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó. Kò sí ohun tó fẹ́ rò. Ó ti ní ìdáhùn láti ọdún mélòó kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jáde níbi iṣẹ́, kò kọjú sí gúúsù. Ó wakọ̀ lọ tààrà sí Wylie. Ó fa kọ́tìnì, ó pa fóònù, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ní wákàtí tó ti ń ṣojúkòkòrò rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Oorun kò wá. Ó gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń tan tó ń kú. Ó gbọ́ ajá aládùúgbò. Ó ń fetí sílẹ̀, bí ó ti ń fetí sílẹ̀ níbi iṣẹ́ ní gbogbo alẹ́ ayé rẹ̀, bóyá agogo aláìsàn kan yóò dún. Títí ọ̀sán fi pọ́n, kò sùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, ó wakọ̀ lọ sí Balch Springs. Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, torí kò sẹ́lòmíràn tí yóò ṣí i.

"Sístà Bísí, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ti rò ó?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má ti ilẹ̀kùn rẹ̀."

Pásítọ̀ wo ojú rẹ̀, tó ti wú. Ó ní ó dáa, ó ní inú òun dùn, bí kò tilẹ̀ hàn lójú rẹ̀. Ó béèrè pé ṣé Adébísí yóò máa ka Bíbélì, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe.

"Rárá, sà."

"Ṣé ẹ máa darí orin ni?"

"Rárá, sà. Mi ò lóhùn."

"Kí lẹ wá fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?"

"Oorun ni mo fẹ́ máa sùn."

Pásítọ̀ dúró, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Adébísí kò ní agbára láti ṣe ọ̀rọ̀ náà lẹ́wà, nítorí náà ó sọ ọ́ bó ti rí. Ó ní ohun tí òun ti ń ṣe nínú ìsìn yìí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí nìyẹn, láti orin àkọ́kọ́ títí dé àdúrà ìparí, òun kò sì mọ̀ bí òun ti nílò rẹ̀ tó. Ó ní nílé ìwòsàn, bí ẹnikẹ́ni bá la ẹnu, òun gbọ́dọ̀ dìde. Nílé, bí gbogbo nǹkan bá dákẹ́ jù, ọkàn òun a máa já. Ibì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Tẹ́sáàsì tí àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ lórí òun, tí òun mọ̀ nínú oorun pé kò sí ewu nínú ohùn kankan níbẹ̀.

"Ṣé bàbá mọ̀?" ni Pásítọ̀ béèrè.

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kí n ṣáà má hanrun lásìkò àdúrà."

Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbé e lọ jìnnà ju bó ti rò lọ. Ó fara ti ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Adébísí náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti oṣù kẹta.

Wọ́n wọlé. Àwọn àgbà tó kù jókòó káàkiri, wọ́n kí ara wọn, wọ́n kí i. Láti ìgbà tí Bàbá Reuben ti kú, kò sí oníwàásù Yorùbá mọ́, nítorí náà Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló gorí àga. Yorùbá rẹ̀ ti ń dípẹtà. Ó ń wá ọ̀rọ̀, bó bá sì ti pẹ́ jù, ẹnì kan nínú àwọn ìyá yóò fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i láti orí ìjókòó, yóò gbà á, yóò ní ẹ ṣé, yóò máa bá a lọ. Kò tíì rìn jìnnà nínú ẹsẹ Bíbélì tí orí Adébísí fi rọra tẹ̀ sí èjìká Màmá Tèmídayọ̀. Ìyá àgbà náà tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó láyà.

Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ rí i láti orí àga. Kò dákẹ́. Ó kàn rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń bá ìwàásù rẹ̀ lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kọjá níwájú yàrá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.